Ṣé kí ọmọ mi pa gbogbo ẹgbẹ́ tì nítorí máàkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Surulérè ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní Balógun. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 19, wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ la bí i sí kí a tó gbé e wálé. Ó ti lo ọdún kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, ó sì fẹ́ ti ibẹ̀ kọjá sí University of Maryland ní College Park lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì tí òkè rẹ̀ jẹ́ 4, jẹ́ 3.6 ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, ó já sí 2.7 ní ìkejì. Ó wà nínú ìjọba akẹ́kọ̀ọ́, òun ni alukoro ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, ó ń kọrin nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò ní Sátidé bó ṣe ń ṣe nínú ọgbà wa láti ìgbà tó wà ní SS2, ó sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Àbúrò mi ní kó pa gbogbo ẹ̀ tì kó dojú kọ ìwé, pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ọmọ ní àwọn yunifásítì ibẹ̀ kì í mú ẹni tí kò mọ̀ ju ìwé lọ. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà? Mo ya fọ́tò èsì rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú làálàá ọmọ. Fọ́tò èsì yẹn ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó ka lẹ́tà yín parí, inú mi sì dùn pé ẹ fi ránṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ti àbúrò yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n oògùn tó fẹ́ lò le ju àìsàn ọmọ lọ.

Ohun tí ọmọ yín ń sọ kì í ṣe irọ́. Ẹnu àwọn tó ń ti ilé ìwé girama wọ yunifásítì ló ti gbọ́ ọ. Àyè mẹ́wàá ni Common App, fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà jọ ń lò, fi sílẹ̀ fún àwọn yẹn láti kọ ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìwé, àwọn ọmọ a sì máa sáré kí àyè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè kún. Ó yé mi. Ọmọ ọdún 17 tí kò jókòó ní kíláàsì yunifásítì rí, kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ ọ́n? Wọ́n á wo máàkì girama, wọ́n á wo bó ṣe ń lo àkókò rẹ̀, wọ́n á wá méfò. Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ọmọ tiyín fẹ́ gbà wọlé. Ó ti wà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tó máa ka fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ní láti méfò bóyá ó lè ṣe Calculus, ìyẹn ìṣirò gíga, torí ó ti ṣe é, èsì rẹ̀ sì wà lórí tábìlì níwájú onítọ̀hún.

Èsì ọ̀hún náà rèé (kírẹ́díìtì ni bí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó): Calculus I, kírẹ́díìtì 4, C. Kẹ́mísìrì, kírẹ́díìtì 4, C. Gẹ̀ẹ́sì, kírẹ́díìtì 3, A. Ìtàn, kírẹ́díìtì 3, B. Eré ìdárayá, kírẹ́díìtì 1, A. Ọmọ tó ní òun fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló mú C nínú kọ́ọ̀sì méjì tí ìmọ̀ ẹ̀rọ dúró lé. Èyí ló ń dà mí láàmú ju 2.7 fúnra rẹ̀ lọ. Ká ní Ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì ló ti mú C, tó mú A nínú Calculus àti kẹ́mísìrì, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ bíi College Park, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń gbé sí iwájú nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ ti ibòmíràn wá. Ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà lára àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí iye ẹni tó ń wọlé, tí wọ́n ní àwọn kọ́ọ̀sì kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú wọn: Calculus II wà níbẹ̀, kẹ́mísìrì wà níbẹ̀, físíìsì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa nínú ìwọ̀nyẹn, ì báà jẹ́ ààrẹ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Maryland pátá, ipò yẹn ò lè ṣí ìlẹ̀kùn fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ẹ ṣe ń ṣírò ọjà yín. A jẹ́ 4, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2, iye kírẹ́díìtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì máa fi sọ ọ́ di púpọ̀. Torí ẹ̀ ni A nínú eré ìdárayá ò ṣe lè bo C nínú Calculus mọ́lẹ̀. Ìkan wúwo ní ìlọ́po mẹ́rin ìkejì. Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ fún un ní àmì 54 lórí kírẹ́díìtì 15, ìkejì fún un ní 41 lórí 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 95 lórí 30, ìyẹn 3.17. Kì í ṣe èsì ìtìjú rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe é ní èèmọ̀.

Ibi tó ti ta kókó ni ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹjọ, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ló ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Nígbà yẹn, sẹ̀mẹ́sítà mẹ́ta ni ọmọ yín á ti parí. Ìkẹrin á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ wò ó nígbà náà: gbogbo ohun tó lè fi tún orúkọ ara rẹ̀ ṣe kò ju sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo lọ, èyí tó máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ yìí. Bó bá fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.3 lẹ́yìn kírẹ́díìtì 45, ó gbọ́dọ̀ mú 3.57 ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn. Fún 3.4, ó gbọ́dọ̀ mú 3.87. Bó bá wá mú A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì láìku ìkan, 3.44 ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń sọ pé àwọn á gbá a padà ní sẹ̀mẹ́sítà tó kẹ́yìn. Ìgbà tí èsì tó kẹ́yìn yẹn bá jáde, àwọn tó ń yan èèyàn ti lè parí iṣẹ́ wọn.

Èmi náà gba ọ̀nà yìí kọjá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà nílé ìwé wa. Àríyá ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ló gbà mí lọ́kàn jù. Mo wá gbọ̀ngàn, mo wá oúnjẹ, mo wá DJ, mo ran aṣọ ẹgbẹ́. Àríyá yẹn dùn, wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá yẹn náà ni ìdánwò àárín sẹ̀mẹ́sítà, mo sì mú D nínú kẹ́mísìrì nígbẹ̀yìn. Ilé ìwé tí mo fẹ́ kọjá sí kò gbà mí lọ́dún yẹn. Mo fi ọdún kan gbáko dúró, mo sì san owó kọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo rí i nínú lẹ́tà yín pé alukoro ni ọmọ yín, oṣù Kẹwàá ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mi ò fi fara mọ́ àbá àbúrò yín pátápátá. Òwe eku méjì dára, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó rò pé wákàtí ni kò tó. Mo bá a ṣírò wákàtí náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí kírẹ́díìtì sọ pé kírẹ́díìtì kan jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan ní kíláàsì àti ó kéré tán wákàtí méjì iṣẹ́ àdáṣe lọ́sẹ̀. Kírẹ́díìtì 15 já sí wákàtí 45. Ẹ fi 20 ti ṣọ́ọ̀bù kún un, ó di 65. Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ́, kọ́yà àti àwọn ọmọ Sátidé jọ gba 15. Ó di 80. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá sun wákàtí méje lóru, 49 lọ síbẹ̀, ó ṣì ku 39 fún bọ́ọ̀sì, ìdáná àti ìsìn. Nínú ìwé, gbogbo rẹ̀ gbà. Àmọ́ wákàtí tí orí ṣì tutù ni kò sí ńbẹ̀. Bó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, Calculus ló kù tó ń dúró dè é, oorun ti wà lójú. Gẹ̀ẹ́sì ṣeé kọ báyẹn. Calculus ò ṣeé ṣe báyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti Balógun dé Surulérè lẹ́yìn gósiló orí afárá, ẹ mọ irú orí tí èèyàn ń gbé wọlé nírú àkókò yẹn, àti pé a kì í fi irú orí bẹ́ẹ̀ ka owó ọjà.

Torí náà, ìbéèrè tí mo ń bi ara mi ni èwo nínú nǹkan márùn-ún yìí ló ń jẹ wákàtí tó dára jù, àti èwo ló máa dun fọ́ọ̀mù rẹ̀ bó bá fi í sílẹ̀.

Ìjọba akẹ́kọ̀ọ́ ni kó kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Bí sáà rẹ̀ bá ti parí, kó má díje mọ́. Ó ti ṣe é, ó lè kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ṣe é lọ́dún kan, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ló dé tí kò ṣe ọdún kejì. Ẹgbẹ́ ọmọ Áfíríkà, kó gbé iṣẹ́ alukoro fún ẹlòmíràn kí sẹ̀mẹ́sítà tó bẹ̀rẹ̀, kó kàn máa wá sí ìpàdé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Bí kò bá gbé e sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, kò ní lè gbé e sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, torí nígbà yẹn gbogbo ayé á ti máa wo ojú rẹ̀.

Ti kọ́yà gba ọgbọ́n díẹ̀. Kó lọ bá olórí kọ́yà fúnra rẹ̀, kó tọrọ ààyè títí di ìgbà tí ìdánwò oṣù Kejìlá bá parí. Màmá, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin náà dá sí i. Ẹ pe pásítọ̀, tàbí kí àbúrò yín bá a sọ ọ́, kó má di pé wọ́n ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé pé ọmọ ti ń fà sẹ́yìn nínú ẹ̀mí. Mo ti rí ọmọ tí kò lè kúrò nínú kọ́yà kìkì nítorí ohun tí ìyá rẹ̀ máa gbọ́ ní Lagos.

Àwọn ọmọ Sátidé, kó má fi wọ́n sílẹ̀ o. Mo ń tẹnu mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe, èyí nìkan ló ti Surulérè bẹ̀rẹ̀ tó sì bá a dé Maryland. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti SS2 títí dìgbà tó ń béèrè àyè ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ so kọ́, ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù á rí i láìjẹ́ pé ó ṣàlàyé púpọ̀. Wákàtí méjì ni lọ́sẹ̀, àárọ̀ Sátidé sì ni. Kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí: ọmọ mélòó, kí ni wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọgbọ́n wo lòun dá tí ìṣirò ìdá (fraction) fi wá yé wọn. Irú àkọsílẹ̀ yẹn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níyì ju orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ lọ.

Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló nira jù fún mi láti sọ̀rọ̀ lé, torí mo mọ ohun tí dọ́là ń fojú ẹni tó ń ta aṣọ rí. Mi ò ní sọ pé kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lè dín in kù sí wákàtí 12, kó sì kó o sí òpin ọ̀sẹ̀, alẹ́ mẹ́ta á ṣófo fún Calculus. Ẹ jọ jókòó lórí fóònù, ẹ̀yin, òun àti àbúrò yín, kí ẹ wo ohun tí wákàtí mẹ́jọ yẹn ń san: owó bọ́ọ̀sì ni, àbí ìwé, àbí aṣọ? Bó bá jẹ́ oúnjẹ àti bọ́ọ̀sì ni, kó lọ béèrè iṣẹ́ nínú ọgbà ilé ìwé fúnra rẹ̀, níbi tí kò ti ní máa wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀. Kó sì má tijú kọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sínú fọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ wa máa ń fi pamọ́, bí ẹni pé ó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n kà á sí nǹkan gidi níbẹ̀. Bó bá ń lọ mú àwọn ọmọ àbúrò yín wálé láti ilé ìwé, kó kọ ìyẹn náà.

Kí ló máa fi wákàtí tó rí gbà padà ṣe? Kó lọ jókòó níwájú olùkọ́ rẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ibẹ̀ ló máa ń kọ àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá bá wọn ní ọ́fíìsì sínú ìwé ètò kọ́ọ̀sì, ilẹ̀kùn a sì máa ṣí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá tó bá gbọ́ ní Lagos pé olùkọ́ ní kí ọmọbìnrin òun wá sí ọ́fíìsì, ara rẹ̀ á bù máṣọ. A ní ìdí tí a fi ń bẹ̀rù. Àwọn ọmọ wa gbé ẹ̀rù yẹn dé ọ̀hún, wọ́n á máa mú C níbi tí ìbéèrè ìṣẹ́jú mẹ́wàá ì bá ti sọ ọ́ di B. Ẹ sọ fún un pé ẹ fọwọ́ sí i, pé kó lọ lákòókò tí wọ́n kọ sílẹ̀, kó mú ìṣirò tó rú u lójú dání. Kọ́lẹ́ẹ̀jì sì sábà máa ń ní yàrá tí wọ́n ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan kejì tún wà níbẹ̀: bí ilé ìwé kan bá béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí, olùkọ́ ìṣirò tàbí físíìsì tó mọ ojú rẹ̀ ló yẹ kó kọ ọ́. Lẹ́tà alábòójútó ìjọba akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní ìsinmi yìí, kó ṣe kọ́ọ̀sì kékeré kan, Sosiọ́lọ́jì tàbí irú ẹ̀, kó lè dín ẹrù oṣù Kẹjọ kù. Kó má ṣe Calculus II ní ìsinmi. Ohun tí wọ́n ń fi oṣù mẹ́ta ààbọ̀ kọ́, wọ́n á fún un pọ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó mú C nínú èyí tó ṣáájú ò lè gbé e mì. Dípò bẹ́ẹ̀, kó padà sórí Calculus I fúnra rẹ̀, kó tún àwọn ibi tí kò dá a lójú ṣe. Nígbà tí oṣù Kẹjọ bá dé, Calculus II, físíìsì àti kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì tó fúyẹ́ tó. Kó má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju kírẹ́díìtì 12 láìkọ́kọ́ bi àwọn tó ń mójú tó owó ìrànwọ́, torí 12 ni wọ́n fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún.

Kó tún lọ wo ARTSYS, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Maryland fi ń fi hàn bí kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣe máa rí tó bá dé yunifásítì. Kọ́ọ̀sì tí kò bá ní wúlò níbẹ̀, kí ló ń ṣe é fún? Kó sì má fi College Park nìkan gbára lé. Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Morgan State ní Baltimore, wọ́n ń kọ́ ọ ní UMBC, yunifásítì ìjọba mìíràn ní Maryland.

Mi ò fẹ́ kí àbúrò yín rò pé mo ti dá ọmọ lẹ́bi tán. Àwọn ibì kan wà tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ kọjá: yunifásítì aládàáni tí kì í mú èèyàn púpọ̀, àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ wo Princeton. Láti 1990 ni wọn ò ti gba ẹni tó ń ti ilé ìwé mìíràn bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ènìyàn 13 ni wọ́n fún láyè nínú iye tó ju 1,400 lọ. Níbi tí ọmọ olórí pípé ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ohun mìíràn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Jack Kent Cooke fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì lè tó 55,000 dọ́là lọ́dún, wọ́n sì ń wá ọmọ tó ń ṣe aṣáájú, tó ń sin àwùjọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí GPA rẹ̀ kò bá dé òdiwọ̀n gíga tí wọ́n là sílẹ̀ kò lè gba fọ́ọ̀mù wọn rárá. Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹgbẹ́ jù lọ gan-an, máàkì ni wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà. Ẹ ka gbólóhùn yẹn fún ọmọ yín, á yé e ju ariwo lọ.

Ẹ pè é ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án tiwa, nígbà tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn lásìkò yìí. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, ẹ bi í pé aago mélòó ló máa ń ṣí ìwé Calculus ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá. Bó bá ti dáhùn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ̀ bóyá wákàtí mẹ́jọ ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan tó, àbí ká tún wá nǹkan mìíràn yọ.